Ojú Kan Náà, Ọ̀nà Méjì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òǹkàwé a máa pín ìwé bí ẹni ń pín oko: àròsọ lápá kan, òótọ́ lápá kejì. Ààlà yìí ti fi ohun dáradára pamọ́ fún wa. Láti Ẹdúnàbọ̀n dé Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, kò jìnnà púpọ̀. Ta ni kò gbọ́ nípa Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968? Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti ṣí Ìrìnàjò, tí òǹkọ̀wé kan náà fi ròyìn ìrìn rẹ̀ sí Ìlú Ọba, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949?

Nínú ìwé àkọ́kọ́, ọdẹ ló rí abàmì, akọ̀wé kàn ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ ni. Nínú èkejì, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló di arìnrìn-àjò. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ ni yóò mọ̀ pé iwin nìkan kọ́ ni ẹ̀bùn Fágúnwà, bí kò ṣe ojú tó mọ ohun ìyanu í wò. Bí a bá fi èyí tí kò ní iwin sílẹ̀ fún ikán, ààbọ̀ òǹkọ̀wé là ń fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ Ẹdúnàbọ̀n, ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.