Àwo Wo Ló Lékè? Iyàn Àwọn Olólùfẹ́ Fújì ní Minna gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Ìfáàrà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń gbé Minna. Ojú irin ló gbé púpọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀. Ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Tunga, bí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ohun kan ló sábà máa ń di iyàn: nínú àwọn àwo Síkírù Àyìndé Barrister, èwo ló lékè? Bí ẹnì kan bá fi Fuji Garbage (1988) ṣe àkọ́kọ́, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, Ìwà (1982) ló ni ipò náà. Ẹnì kẹta á gbé Nigeria (1983) kalẹ̀. Ìbéèrè iṣẹ́ yìí ni pé: ṣé lámèyítọ́ ni irú iyàn báyìí, àbí ìdárayá lásán? Èrò wa ni pé lámèyítọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń to àwo bá lè sọ ìdí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀.

Ìdíje nínú ìtàn fújì

Ìdíje kì í ṣe àjèjì sí fújì. Inú wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì lóṣù Ààwẹ̀, ló ti jáde. Ẹgbẹ́ wéré kan a sì máa bá òmíràn díje níwájú èrò. Láti kékeré ni Barrister ti ń kọ wéré. Ẹni tó ń to àwo rẹ̀ lónìí kò ṣe ju ohun tí a bá nídìí orin náà.

Òṣùwọ̀n wọn

Ìlù, ohùn àti ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń wọn àwo. Àwọn tó wà lẹ́yìn Fuji Garbage ń tẹ̀lé ìlù àti ijó. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ìwà ní ijó a máa tán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán létí. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Òṣùwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ àárín wọn máa ń gbàgbé ni bí a ṣe kọ́ àwo náà. Nínú àwo àtijọ́, orin lè gba odindi ojú kan láìdánudúró: olórin á júbà, á ki èèyàn, á gbani níyànjú, ìlù á sì máa yí padà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù kò tíì gbọ́ àwo. Òkèlè kan ló tọ́ wò tó fi ń dájọ́ àsè.

Àléébù

Àléébù méjì ló hàn. Ìkínní ni pé àwọn kan ń dájọ́ olórin dípò àwo. Ìfigagbága Barrister àti Kollington Àyìnlá ní àwọn ọdún 1980 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà; ọmọlẹ́yìn ẹnì kan kì í fẹ́ gbọ́ ire nípa ẹnì kejì. Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ ń fi ìgbà èwe tiwọn sípò kìíní, wọ́n á ní àwo ni. Èmi náà kò bọ́ nínú èyí: ọdún tí mo kúrò nílé ìwé gíga ni Fuji Garbage jáde, n kò sì mọ èyí tí mo ń yìn nínú méjèèjì.

Síbẹ̀, mo bi bàbá kan tó fi Ìwà ṣáájú pé kí ló rí níbẹ̀. Ó mú gbólóhùn kan nínú orin náà, ó fi hàn mí bí olórin ṣe tún un wí lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń jinlẹ̀ sí i. Ó ní ká ní ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹrin ni, ìbá sú èèyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò tó ní "àwítúnwí wà níbẹ̀" tó sì dúró síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ orúkọ ọnà èdè, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn.

Àgbálọgbábọ̀

Hausa ti ń yọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Minna ju Yorùbá lọ. Nínú ọgbà yẹn, ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ gbọ́dọ̀ wá Yorùbá tí yóò fi já a. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ mú àwo méjì wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ojú méjèèjì tán, kí ó fi ọ̀kan ṣáájú èkejì, kí ó sì fi Yorùbá gbèjà ìdájọ́ rẹ̀. Ipò tó bá fún àwo kọ́ ni kí a fún un ní máàkì lé lórí. Ìdí tó bá sọ ni.