Ọtí Kì Í Ṣe Òtútù Lásán

"Màmá, bíà wo ló tutù jù?" Ohun tí àwọn awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn tí wọ́n bá yà sí ìsọ̀ mi ní Okokomaiko, l'Ékòó, lálẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni wọ́n fi pọn ún. Kí omi ṣáà ti máa kán lára ìgò, inú wọn ti dùn.

Èmi tí ìyá ìyá mi fi owó ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, tọ́, ó máa ń dùn mí. Òtútù a máa sọ ahọ́n di òkú. Ọtí tó tutù bíi yìnyín, kí lẹ fẹ́ tọ́ wò nínú rẹ̀?

Ẹ wo bí a ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. A ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi òmíràn bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i. Bó bá tó bí ọjọ́ kẹrin, ó ti ń hù. Àgbàdo rò pé òjò ti dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun tí yóò fi sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà tí yóò fi dàgbà. Kó tó ná an tán la óò sá a sóòrùn. Olè ni wá, ẹ má bínú. Ohun tó tọ́jú fún ara rẹ̀ la óò lọ̀, la óò sè, la óò sẹ́, tí ìwúkàrà yóò wá sọ di ọtí. A kì í ra ìwúkàrà o: gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ ọtí àná la fi ń bẹ̀rẹ̀ tòní. Lọ́dún kan, òjò ò jẹ́ kí àgbàdo mi gbẹ, ó bu, gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù.

Ọkà bàbà làwọn tó ń pọn bùrùkùtù ń lò ní tiwọn. Wọ́n máa ń fi gààrí sí i, ìdí nìyẹn tó fi ki. Pítò, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn bákan náà, kò ní gààrí, sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ, ó sì fúyẹ́. Àwọn oníbíà a máa yínmú sí ọtí ọkà bàbà pé ọtí mẹ̀kúnnù ni. Ṣùgbọ́n ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọ̀lú, làwọn ilé iṣẹ́ apọntí bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn ayínmú wá ń mu ọkà bàbà látinú ìgò, wọn ò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Láti ìgbà tí bíà Star ti jáde ní 1949, irú bíà kan náà ló kún ìsọ̀ wa: lager, èyí tí wọ́n ń pọn nínú òtútù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kì í le lẹ́nu. Ó dára. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ni bíà. Stout dúdú nítorí pé wọ́n yan ọkà rẹ̀ bí ẹ̀pà tó kù díẹ̀ kó jó. Ẹ gbé e kúrò nínú fìríìjì, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná: ẹ óò rí kọfí níbẹ̀.

Bíà àlìkámà ti Jámánì rú bíi pítò, ó sì ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ní agbègbè Brussels, wọ́n ń ṣí ọtí sílẹ̀ kí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ bà lé e, wọ́n á sì fi sínú àgbá igi fún ọdún kan, méjì, títí yóò fi kan. Kíkan tí ọ̀pọ̀ ń sá fún níbí, owó gidi ni wọ́n ń ná lé e lórí lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba Okokomaiko kọjá, ẹ yà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi ṣì tuntun, ó dùn. Tó bá di Sátidé, á ti máa ta lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú ó ti kan, ìgbà yẹn sì làwọn àgbà máa ń wá a wá. Ẹ mú èyí tó bá yín lẹ́nu mu, ẹ má ṣáà béèrè yìnyín lọ́wọ́ mi.