Ìfìwàwẹ̀dá àti Ìtànjẹ Òǹwòran nínú The Death Kiss

Àwọn lámèétọ́ sinimá a máa fi ọwọ́ rọ́ àwọn sinimá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a fi owó díẹ̀ ṣe ní Hollywood, ní kété tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn ju ìṣe lọ. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Èrò wa nínú bébà yìí ni pé àìlówó lọ́wọ́ a máa bí ọgbọ́n nígbà mìíràn, a ó sì fi The Death Kiss (1932), tí Edwin L. Marin darí, ṣe ẹ̀rí.

Ilé-iṣẹ́ sinimá ni ibùdó ìtàn náà. Wọ́n ń ya ìran kan lọ́wọ́, èyí tí wọn yóò ti yìnbọn pa òṣèré tí ń jẹ́ Myles Brent. Ìbọn dún, Brent ṣubú, a sì rí i pé ikú náà kì í ṣe eré mọ́. Kò sí pé à ń kọ́ ààfin tàbí pé à ń lọ sí ìlú òkèèrè: iná, wáyà àti kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n sọ di ohun èlò ìtàn. Kódà, inú iná ńlá tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sára àwọn òṣèré ni ìbọn náà fara pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ni ó jẹ wá lógún jù. Ní 1931, Bela Lugosi àti Edward Van Sloan ti jọ ṣeré nínú Dracula: Lugosi ni amùjẹ̀, Van Sloan ni ọ̀mọ̀wé tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Òǹwòran gbé ìrántí yìí wọ ilé sinimá. The Death Kiss kò ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó lò ó. Lugosi ni Steiner, alábòójútó ilé-iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti yọjú báyìí, ara a fu wá. Bẹ́ẹ̀ Steiner kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Avery, tí Van Sloan ṣe, ni apànìyàn, òun kan náà sì ni olùdarí ìran tí Brent kú sí. Ẹni tí ó gbà wá lọ́wọ́ ibi lánàá ni ó ń ṣe ibi lónìí. (Àwàdà Gulliver, ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kò rí bẹ́ẹ̀; ó máa ń sú ni.)

A lè bi wá pé ǹjẹ́ òdodo ni irú ẹ̀tàn yìí, níwọ̀n ìgbà tí ojú òṣèré kì í ṣe ara àhunpọ̀ ìtàn? Ìbéèrè náà wúwo. Ẹni tí kò wo Dracula rí kò ní bá wọn pín nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Steiner yóò kàn jẹ́ alábòójútó tí ojú rẹ̀ le ni. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ ọn pé kí a máa fi sinimá yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìkọ́kọ́ fi èkejì hàn wọ́n.