Jíjẹ àti Mímu nínú Mishnah: Àgbéyẹ̀wò Ààlà tí ó wà láàárín Oúnjẹ Líle àti Ohun Olómi

Mishnah ni àkójọ òfin àwọn Júù tí Rábì Judah ṣe ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìwé náà kò fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún oúnjẹ tàbí ohun mímu. Ìdájọ́ ni ó ń ṣe, òfin tí ó wà nílẹ̀ ni ó sì ń pinnu ibi tí ààlà máa wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọjọ́ Ètùtù. Ìwé Yoma, orí 8, sọ pé ẹni tí ó bá jẹ ohun tí ó tó èso dàbínù ńlá kan pẹ̀lú kóró rẹ̀, tàbí tí ó mu ohun tí ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ti jẹ̀bi. Gbogbo oúnjẹ ni a ń ṣírò pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun mímu, ṣùgbọ́n a kì í ṣírò jíjẹ mọ́ mímu. Síbẹ̀, nínú ìwé Shevuot, orí 3, ẹni tí ó búra pé òun kò ní jẹun, tí ó wá jẹ tí ó sì mu, ẹ̀bi kan ṣoṣo ni ó jẹ. Àlàyé Talmud ni pé mímu wà lábẹ́ jíjẹ.

Ní ti ìmọ́ àti àìmọ́, ìwé Makhshirin, orí 6, ka ohun olómi méje péré: ìrì, omi, wáìnì, òróró, ẹ̀jẹ̀, wàrà àti oyin. Oje àwọn èso mìíràn kò sí níbẹ̀, bí a tilẹ̀ ń mu ún. Ìwé Tohorot, orí 3, fi kún un pé bí wàrà tàbí omi ọbẹ̀ bá dì, ìdájọ́ rẹ̀ yí padà.

Èyí kò ṣàjèjì sí elédè Yorùbá. À ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ó bá dì sínú ewé, a di ẹni tí ń jẹ ẹ́. Ògì kan náà ni.

Àléébù Mishnah ni pé kì í sábà sọ ìdí. Talmud ni ó sọ fún wa pé omi iyọ̀ tí ó wà lára ẹ̀fọ́ bá ẹ̀fọ́ náà ká, nítorí ohun tí ó ń mú oúnjẹ ṣeé jẹ di oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe eré. Yoma kan náà ní kí a fún aláìsàn ní oúnjẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀. Nígbà tí ó yá, òfin ní kí á máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí ó má tó ìwọ̀n, bí ìyẹn bá tó fún un. Ìwọ̀n wo ni a ó wá lò fún ohun tí ó ki bí ẹ̀kọ mímu? Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ìwé báyìí, kí ìbéèrè wa má ṣe jẹ́ 'Kí ni nǹkan yìí?' nìkan. Kí a bi wọ́n pé, 'Òfin wo ni ó ń béèrè?'