Ìtọ́wò Ogun

Onígàárì kì í bínú bí oníbàárà bá bu díẹ̀ jù sẹ́nu kí ó tó dúnàá-dúrà. Olóyin a fi igi kan oyin, a sì kán an sí ọ ní àtẹ́lẹwọ́ pé kí o lá a wò. Nínú gbogbo ọ̀nà ìpolówó ọjà tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, ìtọ́wò ni ẹ̀tàn inú rẹ̀ kéré jù lọ, nítorí pé ohun tí a tọ́ wò náà ni a ó gbé lọ sílé. Ọjà kan wà ṣá, tí a kò lè tọ́ wò, tí àwọn kan sì ti ń wá ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́ bí wọn yóò ṣe bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Ogun ni mo ń wí.

Àwọn tí ń ṣe eré ogun orí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé bí eré wọn bá ṣe ń sún mọ́ ojú ogun gan-an tó ni yóò máa tà tó. Nítorí náà ni wọn kì í ṣe fi mọ sí orí ẹ̀rọ nìkan. Wọ́n a máa na ọwọ́ sí ogun tòótọ́, kí wọ́n lè rí nǹkan mú wá sínú àpótí ọjà wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2003, nígbà tí ogun Ìráàkì kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ, ilé-iṣẹ́ Sony kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tí ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ pé òun fẹ́ gba gbólóhùn náà, "Shock and Awe", fún eré orí ẹ̀rọ. Orúkọ tí àwọn ológun fi ń pe òjò bọ́ǹbù tí wọ́n ń rọ̀ lé Baghdad lórí nìyẹn. Èéfín kò tíì kúrò lójú ọ̀run ìlú náà tí oníṣòwò ti fi ń wá orúkọ fún ọjà. Nígbà tí àwọn ènìyàn figbe ta, Sony fa ìwé náà sẹ́yìn ní oṣù kẹrin, ó sì kábàámọ̀. Ní ọdún 2012 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ Electronic Arts fi ojú ìwé ìpolówó eré rẹ̀, Medal of Honor: Warfighter, júwe ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ojúlówó ohun ìjà fún àwọn òǹṣeré. Wọ́n yọ ìjúwe yẹn kúrò nígbà tí ariwo pọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fìyà jẹ méje nínú àwọn àṣàyàn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀ nítorí pé wọ́n lọ ṣe olùdámọ̀ràn fún eré náà. Ẹ má ṣe rò pé nítorí wọ́n fi ikú ṣeré ni; nítorí pé wọ́n tú àṣírí iṣẹ́ ni.

Kékeré ni gbogbo èyí. Oníṣòwò ni wọ́n, èrè ni wọ́n sì ń wá. Ohun tí ó yẹ kí a jókòó tì ni ìgbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ di oníṣòwò yìí, tí ọjà tí ó ń polówó sì jẹ́ ojú ogun gan-an, tí oníbàárà rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ní ọdún 1999, iye àwọn ọ̀dọ́ tí ó wọṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà kò tó iye tí ìjọba ń fẹ́. Ọ̀gágun kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní West Point, Casey Wardynski, wá dá a lábàá pé kí iléeṣẹ́ ológun ṣe eré kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì fi tọrẹ. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2002, ọjọ́ ìrántí òmìnira Amẹ́ríkà, ni eré náà jáde. America's Army ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára díẹ̀ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún 13 pàápàá, bẹ́ẹ̀ ọdún 17 ni ọmọ tó lè wọṣẹ́ ológun, bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Kò pé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun wọ Ìráàkì. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, owó tí ìjọba ti ná lé eré yìí lórí ti lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là.

N kò ní purọ́ mọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó ṣe é mọ iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ìpakúpa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bíi ti ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òǹṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́: yóò kọ́ bí a ti ń mí kí a tó tẹ ìbọn; bí ó bá sì fẹ́ jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn lójú ogun, yóò jókòó nínú kíláàsì, yóò gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yóò sì ṣe ìdánwò. Ẹni tí ó bá yìnbọn lu olùkọ́ rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ nínú àhámọ́ ní Leavenworth, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ológun wà. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ológun, n kò sì rò pé ó burú kí ọmọdé mọ̀ pé ìbẹ̀rù àti ìgbọràn wà nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀ kò hàn sí ojú lásán. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn jà nínú eré náà, ènìyàn gidi sì ni gbogbo wọn, olúkúlùkù nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n dá: kò sí ẹni tí ó ń rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Èmi ń wo ara mi nínú aṣọ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, mo sì ń rí ìwọ tí o dojú kọ mí nínú aṣọ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Lójú ẹ̀rọ tìrẹ, ìwọ ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà, èmi sì ni ọlọ̀tẹ̀. Bí a bá fi ọdún mẹ́wàá ṣeré náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò fi ìṣẹ́jú kan péré jẹ́ ẹni tí wọ́n ń lé kiri nínú ilé ara rẹ̀.

Mo rántí àwọn eré tiwa. Nínú ẹkùn mẹ́ran, ẹni kan ni ẹkùn, ẹni kan ni ẹran, àwọn ìyókù sì di ọwọ́ ara wọn mú láti ṣe agbo yíká ẹran. Ọmọ tí ó ṣe ẹkùn lówùúrọ̀ lè ṣe ẹran kí oòrùn tó wọ̀. Ó ti mọ bí àyà ti ń já nígbà tí ẹkùn bá rí àyè wọlé. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta mọ̀ pé bí òun bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, òun lè di ọ̀pẹ nínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ìpààrọ̀ ipò yìí ni mo kà sí ọgbọ́n tí ó wà nínú eré, òun gan-an ni America's Army sì fọgbọ́n yọ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò ju àbàwọ́n kékeré kan lọ. Ẹni tí ó bá ṣubú yóò máa wòran títí ìdíje náà yóò fi parí, yóò sì dìde nínú èyí tí ó kàn. Kì í ṣe ogun ni wọ́n bù fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí láti tọ́ wò. Aṣọ rẹ̀, ìbọn rẹ̀ àti ìmúra rẹ̀ ni. Ẹni tí ó gbé ọjà yìí dé ilé rí i pé ohun tí ó wà nínú igbá kì í ṣe ohun tí òun tọ́ wò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008 wọ́n tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ ológun ṣí gbàgede ńlá kan sí inú ilé ìtajà Franklin Mills ní Philadelphia, ó ná wọn ju mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ. Kọ̀ǹpútà kún ibẹ̀ fún eré ọ̀fẹ́, àwòṣe ọkọ̀ ogun àti hẹlikọ́pítà tí a lè gùn kí a sì máa yìnbọn sí àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ológun sì ń rìn káàkiri láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú ṣe ìwọ́de lòdì sí i, ọlọ́pàá mú nínú wọn, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa ní ọdún 2010.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn alátakò ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ọkùnrin kan ṣe láti inú eré náà fúnra rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Joseph DeLappe, ayàwòrán tí ń kọ́ni nígbà náà ní Yunifásítì Nevada ní Reno, bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú America's Army ní ọdún 2006. Orúkọ tí ó ń lò níbẹ̀ ni "dead-in-iraq". Kì í jà. Bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, a gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ti kú ní Ìráàkì sí ojú ibi tí àwọn òǹṣeré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀ka iṣẹ́, ọjọ́ tí ó kú. Wọn a yìnbọn pa á, a máa tẹ orúkọ lọ bí ó ti wà nílẹ̀. Wọn a bú u, wọn a dìbò lé e jáde, a tún padà. Ó ṣe é títí di ìparí ọdún 2011 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kúrò ní Ìráàkì. Orúkọ tí ó tẹ̀ lé ní 4,400.

Àwọn kan sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Èmi ń pè é ní iṣẹ́ ọnà, nítorí pé mo dá irú rẹ̀ mọ̀: iṣẹ́ asunrárà ni, ẹni tí ń pe òkú lórúkọ níbi tí àwọn alààyè ti fẹ́ gbàgbé. Àléébù kan wà lára rẹ̀ tí òun náà mọ̀. Àwọn ará Ìráàkì kò sí nínú orúkọ tí ó ń tẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le: ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ tí ó kú sílẹ̀, kò sì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kú sí ìsàlẹ̀ àjà ilé wọn. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn fún ìrántí àwọn aráàlú Ìráàkì.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ìdáhùn mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn. Ní ọdún 2014, oníròyìn kan ní ilẹ̀ Sweden, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ra eré ogun fún àwọn, dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun lọ sí ibi tí ogun ti jà. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, wọn yóò gba eré tó bá wù wọ́n. Ó kó wọn lọ sí Ísírẹ́lì, ó sì mú wọn dé àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Shuafat ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọn kò fẹ́ eré náà mọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn àgbà wa ti wí bẹ́ẹ̀, bàbá náà sì tẹ̀lé e délẹ̀. Síbẹ̀ ìrìn-àjò yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ní oṣù keje ọdún 1861 àwọn ará Washington gbé agbọ̀n oúnjẹ, wọ́n lọ wòran ogun ní Bull Run, wọ́n sì sáré padà nígbà tí ogun yí sí wọn. Ète bàbá yìí dára ju tiwọn lọ, n kò fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn méjèèjì, ìbànújẹ́ ẹlòmíràn ni ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ lápò, ẹni tí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ kò sì ní ibì kan tí yóò lọ.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé kí ni Yorùbá ní tí ó fi ń ṣe adájọ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè gidi ni. Àwa náà ti polówó ogun. Oríkì àwọn jagunjagun Ìbàdàn kún fún orí tí wọ́n gé àti ìlú tí wọ́n tú, a sì ń fi wọ́n kí àwọn ọmọ wọn títí di òní níbi ìgbéyàwó. Mo gbà pé ìpolówó ni. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò pọ̀, ó sì wà: onílù tí ń ki balógun a máa bá a dé ojú ogun, ètè rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó kó Ìbàdàn lọ sí ogun Kírìjì, ibùdó ogun náà ni ó kú sí ní ọdún 1885. Orúkọ ogun yẹn pàápàá, ìró ìbọn ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n pa ẹ̀rọ tí ó gbé America's Army ró. Kì í ṣe pé wọ́n jáwọ́. Láti ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ ológun ti kó ẹgbẹ́ òǹṣeré tirẹ̀ jọ, àwọn ológun tí ń ṣe eré tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, ní gbangba, lórí Twitch, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wòran. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn aṣọ́nà Twitch ní láti sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ìkéde kan kúrò lójú ìran wọn. Ìkéde náà sọ pé òǹwòran lè jẹ ẹ̀bùn ohun èlò tí a fi ń darí eré. Ọmọ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kì í bá ẹ̀bùn níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọṣẹ́ ológun ni yóò ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó ń retí kí ó kún un.