Ohùn Kan Ní Gbogbo Yàrá

Ó yẹ ká yin àwọn tó ń mú kí rédíò kan náà dún ní pálọ̀ àti ní ilé ìdáná láìsí pé ọ̀kan ń sáré ju èkejì lọ. Kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa: rédíò oníwáyà ti wọ Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, ohùn kan náà sì ń gba inú wáyà wọ ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Wi-Fi ló rọ́pò wáyà báyìí, iṣẹ́ sì le sí i, torí fóònù kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ohùn náà jáde ló ní aago tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Snapcast, ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń mú ohùn dọ́gba, ti wù mí jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà kékeré kan á lẹ àkókò mọ́ gbogbo ègé ohùn tó ń fi ránṣẹ́. Fóònù Android àtijọ́ tó wà ní yàrá kejì á bá a mú aago dọ́gba, á dá ohùn náà dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá jẹ́ kó dún lásìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Etí kì í mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìsìkàn l'Ákùúrẹ́, ẹ má ju fóònù tí ojú rẹ̀ sán nù. Ẹ ki wáyà sípíkà bọ̀ ọ́. Ẹ má lo Bluetooth, ó máa ń fa ohùn sẹ́yìn.