Aṣọ Àrán Eleonora

Kí ẹni tó ń wo àwòrán yìí tó dé ojú Eleonora, ìyàwó Díúkì Cosimo de' Medici, aṣọ obìnrin náà á ti dá a dúró lọ́nà. Agnolo Bronzino ló yà á sórí pákó nílùú Florence ní nǹkan bí ọdún 1545, ó sì wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Uffizi níbẹ̀ títí dòní.

Ilẹ̀ aṣọ náà funfun, ó ń dán. Àrán dúdú ń lọ́ kiri lórí rẹ̀ bí ìtàkùn, òwú wúrà sì di èso pomegranate ńlá kan sí àárín àyà. Ẹ sún mọ́ wúrà yẹn. Bronzino kò kàn fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè pa á kó máa lọ. Kókó òwú kéékèèké ló ń tò jọ, tó fi àwọ̀ ṣíṣú sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kan orí wọn fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ pa á kó họ yín lọ́wọ́. Ní àyà, aṣọ náà le gbagidi; kò jọ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ń mí rárá.

Báǹkì ni ìdílé Medici, ìdílé ọkọ Eleonora, fi là, ipò Díúkì kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọdún 17 ni Cosimo nígbà tó gorí oyè lọ́dún 1537. Lọ́dún 1539 ló fẹ́ Eleonora, ọmọ Pedro de Toledo, ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì ní Naples. Obìnrin náà ló gbé ọlá àtilẹ̀wá wọlé, aṣọ yìí sì ni Bronzino fi ń kì í. Èso oníkóró púpọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń sọ. Ọmọ 11 ló bí. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká Giovanni, ọ̀kan nínú wọn. Ojú Eleonora ní tiẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé aṣọ yìí ni wọ́n fi sin ín lọ́dún 1562. Irọ́ ni, aṣọ mìíràn ni wọ́n bá nínú ibojì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò rán aṣọ inú àwòrán yìí rí, pé ègé aṣọ kan lásán ni Bronzino ń wò tó fi ya gbogbo rẹ̀. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, torí a jẹ́ pé ayàwòrán náà gan-an ni télọ̀.